Ọ̀rẹ́ tó ń sọ pé "màá wá" tí kì í wá: bẹ́ ẹ ṣe lè jẹ́ kí ìtara yín fà á wá wo ẹ̀sìn fúnra ẹ̀

Gbogbo wa la ní irú ọ̀rẹ́ yìí. Ẹ ti pè é sí àsàlátù títí, á ní "kò burú, Sunday tó ń bọ̀, insha Allahu", Sunday á dé, fóònù ẹ̀ á ti kú, oòrùn á ti ga kó tó pè yín padà pé oorun ló gbé òun lọ. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì náà ń rí i. Ẹ bi àwọn tó ń pín ìwé ìkésíni fáwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Tanke n'Ílọrin níbí, àwọn èèyàn á gbà á lọ́wọ́ wọn, wọ́n á dúpẹ́ dáadáa, wọn ò sì ní yọjú.

Tó bá wá pẹ́ a máa ní ayé ló ń jẹ, kò rántí ọ̀run. Lójú tèmi ṣá, ọ̀dọ̀ wa ni àléébù ẹ̀ máa ń wà jù. A máa fi ọ̀run àpáàdì dẹ́rù bà á, a máa da wáàsí sórí WhatsApp ẹ̀ láàárọ̀ lálẹ́, ṣùgbọ́n kò tíì rí i lójú wa rí pé nǹkan tá a ń pè é sí yìí ń dùn mọ́ àwa fúnra wa. Ẹni tí ò rí adùn ẹ̀ lójú ẹni tó ń pè é, kí ló fẹ́ wá wá níbẹ̀?

Èmi Mùsùlùmí ni o, ọmọ Ọ̀fà tó ń gbé Ìlọrin, àpẹẹrẹ àsàlátù àti ààwẹ̀ ló máa pọ̀ lẹ́nu mi. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ tiwa lápá gúúsù Kwara, inú agbo ilé kan náà lẹ ti máa rí àfáà àti díkínì tí wọ́n jọ ń jẹran Iléyá, tí wọ́n sì jọ ń jẹ ìrẹsì Kérésì, Kìrìsìtẹ́nì tó bá ka èyí náà á rí tiẹ̀ mú níbẹ̀.

Ohun tẹ́ ẹ máa nílò

- Ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo. Ẹ má kọ orúkọ èèyàn mẹ́wàá sílẹ̀, ẹ̀ẹ́ kàn máa ṣe é bí iṣẹ́ ni.
- Ohun kan pàtó nínú ẹ̀sìn yín tí inú yín ń dùn sí. Ẹyọ kan tó.
- Kẹ́ ẹ mọ ibi tí ọ̀rẹ́ yẹn ti ń bọ̀. Ṣé ó lọ ilé kéwú, ṣé wọ́n nà án débi pé kò fẹ́ rí wàláà mọ́? Ṣé ìyá ẹ̀ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì ECWA tí bàbá ẹ̀ sì ń kírun? Ṣé ó ti sin ẹnì kan láìpẹ́ yìí tó sì ń bínú sí Ọlọ́run?
- Àfáà tàbí pásítọ̀ kan tó máa ń rẹ́rìn-ín, tẹ́ ẹ lè bi ní ìbéèrè tí ò ní fi yín ṣe wáàsí.
- Sùúrù. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ọ̀sẹ̀ méjì.

Ẹ ò nílò owó. Tówó bá ti wọ̀ ọ́, tẹ́ ẹ bá ń ràn án lọ́wọ́ nítorí kó lè wá, ẹ ti bà á jẹ́ nìyẹn. Ẹ ràn án lọ́wọ́ nítorí pé ọ̀rẹ́ yín ni, kẹ́ ẹ má sì da méjèèjì pọ̀.

Ìpele 1: Ẹ wá ohun tó ń dùn mọ́ yín gan-an

Ẹ jókòó kẹ́ ẹ bi ara yín léèrè. Kì í ṣe ohun tó yẹ kó dùn o, èyí tó ń dùn. Ẹlòmíì, sìkírì tí wọ́n ń ṣe pọ̀ lóhùn kan náà ló ń mú ara ẹ̀ yá gágá. Ẹlòmíì, ó jẹ́ ìdákẹ́jẹ́ tó máa ń wà lẹ́yìn àsùbáà kí àwọn kẹ̀kẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ariwo. Ẹlòmíì fẹ́ràn tàfúsírì inú ààwẹ̀, bí àfáà ṣe máa mú áyà Kùránì kan tó ti ń kà láti kékeré, tó máa tú u sí Yorùbá, tó máa wá dà bíi pé òní ló ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ. Tẹ́ ẹ bá jẹ́ Kìrìsìtẹ́nì ó lè jẹ́ kúáyà, ó lè jẹ́ Bíbélì kíkọ́ àárín ọ̀sẹ̀ tẹ́ ẹ ti lè bèèrè ọ̀rọ̀ láìsí pé ẹnikẹ́ni wò yín níwòkuwò.

Ibi táwọn èèyàn ti ń ṣìnà níbí ni pé wọ́n ń yá ìtara ẹlòmíì lò. Oníwàásù kan gbóná lórí ẹ̀rọ, àwọn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ bíi tiẹ̀, ohùn wọn á yí padà, Lárúbáwá á pọ̀ lẹ́nu wọn lójijì. Ọ̀rẹ́ tó ti mọ̀ yín láti pírámárì á mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé èyí kọ́ ni yín.

Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ pé ìpele yìí ti yanjú: ẹ sọ̀rọ̀ nípa nǹkan yẹn fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú méjì láìlo "dandan", láìlo "ó yẹ kí gbogbo wa". Tí ẹ ò bá rí i ṣe, ẹ má tíì pe ẹnikẹ́ni, ẹ tún padà lọ wá a.

Ìpele 2: Ẹ jẹ́ kó rí i, ẹ má fi hàn án

Ẹ wo bí ẹni tó fẹ́ràn bọ́ọ̀lù ṣe ń ṣe. Kò bẹ ẹnikẹ́ni pé kó fẹ́ràn bọ́ọ̀lù, òun ṣáà ń sọ ọ́, ń rẹ́rìn-ín sí i, ń bínú sí i, ẹni tí ò mọ bọ́ọ̀lù rárá tó bá jókòó tì í pẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè pé ta ló gba góòlù. Bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe é náà nìyẹn. Tí àkókò ìrun bá tó, ẹ ní "mò ń bọ̀, jẹ́ n kírun", ẹ lọ, ẹ padà dé, kẹ́ ẹ máa bá ẹ̀fẹ̀ tẹ́ ẹ fi sílẹ̀ lọ. Tó bá bi yín pé báwo ni wíkẹ́ńdì, ẹ sọ pé àsàlátù dùn lọ́sẹ̀ yìí, ẹ sọ ohun kan tó pa yín lẹ́rìn-ín níbẹ̀, kẹ́ ẹ bọ́ sórí ọ̀rọ̀ míì.

Àwọn tó kọ ìtàn ìgbésí ayé Ànábì sọ nípa Abubakar pé oníṣòwò tó níwà ni, àwọn èèyàn fẹ́ràn láti máa wá jókòó lọ́dọ̀ ẹ̀ nítorí ìmọ̀ ẹ̀ àti nítorí pé ó dùn ún bá ṣeré. Nígbà tó gba Ìsìláámù, àwọn tó ti ń wá jókòó tì í yẹn náà ló bá sọ̀rọ̀. Usman bn Affan, Zubair, Talha, Abdur-Rahman bn Auf, Sa'd bn Abi Waqqas, gbogbo wọn ọwọ́ ẹ̀ ni wọ́n gbà wọlé. Ìjókòó ló kọ́kọ́ wà. Tẹ́ ẹ bá ti lé àwọn ọ̀rẹ́ yín dànù nígbà tẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀sìn yín ní pẹrẹu, tí ẹ ò yà lọ́dọ̀ wọn mọ́, tí ẹ ò bá wọn jẹ màsà létí títì mọ́, àwọn wo lẹ wá fẹ́ pè?

Ìkìlọ̀ nípa státọ́ọ̀sì: tí státọ́ọ̀sì yín bá ti di àmì tóótòòtó bíi ti ẹni tó ń ta ọjà, wọ́n ti pa yín lẹ́nu mọ́ lórí fóònù wọn tipẹ́, ẹ ò kàn mọ̀ ni. Ẹyọ kan lọ́sẹ̀ kan, èyí tó jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀yin fúnra yín, sàn ju ogójì wáàsí tẹ́ ẹ gbà lọ́wọ́ ẹlòmíì lọ.

Ẹ̀ẹ́ mọ̀ pé ó ti ń ṣiṣẹ́ tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi yín ṣẹ̀fẹ̀. "Àfáà wa dé o!" "Pásítọ̀, ẹ gbàdúrà fún bọ́ọ̀sì wa." Ẹ má bínú sí i rárá, ó ń fi ẹ̀fẹ̀ wò ó bóyá ẹ ṣeé bá sọ̀rọ̀ ni. Ẹ bá a rẹ́rìn-ín.

Ìpele 3: Èyí tó bi yín ni kẹ́ ẹ dáhùn

Lọ́jọ́ kan á bèèrè ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe ẹ̀fẹ̀. Ó lè jẹ́ nínú kọ̀rọ̀pẹ́, ó lè jẹ́ lálẹ́ tí iná ò sí. "Ẹ gbà gan-an pé Ọlọ́run ń gbọ́?" Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ wa ti ń ba ohun tá a ti fi oṣù kọ́ jẹ́, nítorí a ti ń retí ìbéèrè náà látọjọ́ yìí, a máa bẹ̀rẹ̀ láti orí dídá Ádámọ̀ títí dé ọjọ́ àjíǹde.

Ìdáhùn kúkúrú, láti inú ohun tójú yín ti rí. "Èmi gbà. Nígbà tí màmá mi wà lọ́sibítù, àdúrà ló mú mi dúró." Ó tán. Tó bá fẹ́ sí i, á bèèrè sí i. Tẹ́ ẹ bá sì bọ́ sí ibi tí ẹ ò mọ̀, ẹ sọ pé ẹ ò mọ̀, ẹ ní ẹ máa bi àfáà, kẹ́ ẹ sì bi í ní tòótọ́ kẹ́ ẹ mú ìdáhùn wá.

Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí ẹ ò gbọ́dọ̀ fi ṣe ìbẹ̀rẹ̀ n'Ílọrin níbí. Ìjà híjáàbù tó ṣẹlẹ̀ láwọn ilé ẹ̀kọ́ lọ́dún 2021. Awuyewuye ọdún Ìṣẹ̀ṣe ti 2023. Ta ló sọ pé ẹgbẹ́ yìí ló tọ̀nà, ẹgbẹ́ yẹn ni ò tọ̀nà. Kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn ò ṣe pàtàkì, ṣùgbọ́n èèyàn tó ń wò yín láti òkèèrè, ìjà nìkan ló máa rí níbẹ̀, á sì ti ilẹ̀kùn. Tó bá jẹ́ òun ló dá a sílẹ̀, ẹ ní "ọ̀rọ̀ yẹn gùn, èrò tèmi rèé ní kúkúrú", kẹ́ ẹ sọ ọ́ láìbú ẹnikẹ́ni.

Pétérù náà kọ ọ́ fáwọn Kìrìsìtẹ́nì pé kí wọ́n wà ní ìmúrasílẹ̀ láti dá ẹni tó bá bi wọ́n lóhùn, pẹ̀lú ìwà pẹ̀lẹ́ ni o. Ẹni tó bá bi wọ́n. Ẹni tí ò bi wọ́n, kò sí níbẹ̀.

Àmì pé ó yanjú: tó bá tún bi yín ní nǹkan míì lọ́jọ́ míì. Tí kò bá bèèrè mọ́, ó ṣeé ṣe kí ìdáhùn àkọ́kọ́ ti gùn jù.

Ìpele 4: Ìpè gan-an

Ìpè tí kì í ṣiṣẹ́ rèé: "Ó yẹ kó o máa wá sí àsàlátù wa nígbà kan." Nígbà kan yẹn, ìgbà wo ni? Ọ̀rẹ́ yín ò mọ ibẹ̀, kò mọ ìgbà tó máa parí, kò mọ aṣọ tó máa wọ̀, ó ń bẹ̀rù pé wọ́n máa ní kí òun dìde kí òun sọ orúkọ òun, ó ń bẹ̀rù pé wọ́n máa rí i pé òun ti gbàgbé ohun tí wọ́n ń kà nínú ìrun. Kò ní sọ èyíkéyìí nínú ẹ̀ fún yín. "Màá wá" ló máa sọ.

Èyí tó ń ṣiṣẹ́ rèé, mo kọ ọ́ bí mo ṣe máa tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́:

"Sunday yìí mò ń lọ sí àsàlátù wa, ó wù mí kó o bá mi lọ lẹ́ẹ̀kan kó o wò ó. Aago mẹ́sàn-án la máa bẹ̀rẹ̀, tó bá di mọ́kànlá àbọ̀ a ti jáde. Jálàbíà tàbí bùbá àti ṣòkòtò, èyí tó bá wà. Ẹnikẹ́ni ò ní ní kó o dìde. Màá wá gbé ọ nílé, tá a bá jáde a máa lọ jẹ nǹkan. Tí ò bá rọrùn fún ẹ, sọ fún mi, kò sí wàhálà."

Ẹ wo ìlà tó gbẹ̀yìn yẹn dáadáa, ẹ má yọ ọ́. Nígbà tí Mus'ab bn Umair, ọ̀kan nínú àwọn sàábà Ànábì, wà ní Mẹ̀dínà tó ń kọ́ àwọn èèyàn, Usaid bn Hudair, olóyè kan níbẹ̀, mú ọ̀kọ̀ wá bá a pẹ̀lú ìbínú pé kó kúrò ládùúgbò àwọn. Mus'ab ní kó jókòó kó gbọ́ ná, tó bá wù ú kó gbà á, tí ò bá wù ú, àwọn á dáwọ́ ohun tí ò fẹ́ dúró. Usaid ní òdodo lo sọ, ó gún ọ̀kọ̀ ẹ̀ mọ́lẹ̀, ó jókòó. Ẹni tí ọ̀nà àtijáde wà fún ni ara ẹ̀ máa ń balẹ̀ láti wọlé. Inú ìwé Jòhánù náà, Fílípì sọ fún Nàtáníẹ́lì nípa Jésù ará Násárẹ́tì, ìyẹn ní ǹjẹ́ nǹkan rere kan lè ti Násárẹ́tì jáde wá? Fílípì ò bá a jiyàn Násárẹ́tì, ó kàn ní wá wò ó.

Ẹ ṣọ́ ibi tẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ pè é sí. Ní tèmi, ìṣínu inú ààwẹ̀ ló rọrùn jù: kúkúrú ni, oúnjẹ wà níbẹ̀, dàbínù, kókó àti àkàrà, gbogbo èèyàn ló ti rẹ̀ tí inú wọn sì dùn, kò sẹ́ni tó ráyè wo ẹni tí kì í wá tẹ́lẹ̀. Wòlímọ́tù ọmọ ẹnì kan náà dáa. Jímọ̀ ní mọ́ṣáláṣí ńlá Ọjà Ọba dùn ún lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n èrò ti pọ̀ jù fún ẹni tó ń bọ̀ fúngbà àkọ́kọ́, ẹ̀ẹ́ pàdánù ara yín, bàtà náà á sọnù. Ẹ̀yin ará ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ má fi ìṣọ́ òru bẹ̀rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, mo bẹ̀ yín. Orin Kérésì tàbí ìkórè sàn.

Ohun tó burú jù lọ nínú gbogbo ìpele yìí ni kẹ́ ẹ tàn án. Kẹ́ ẹ ní ẹ jọ ń lọ jẹun, kó dé ibẹ̀ kó bá wáàsí. Ọ̀rẹ́ tẹ́ ẹ bá ṣe irú ẹ̀ fún ò ní gba ìpè yín mọ́ láé, kódà tó bá jẹ́ ìsọmọlórúkọ.

Tó bá dáhùn pé "kí ni màá wọ̀?" tàbí "ṣé ibẹ̀ jìnnà?", ó ti ń bọ̀. Tó bá ní "màá wá" nìkan tó dákẹ́, ẹ bi í kan ṣoṣo: "ṣé kí n yà gbé ẹ ní mẹ́jọ àbọ̀?" Ibẹ̀ lẹ ti máa mọ òótọ́.

Ìpele 5: Ọjọ́ yẹn fúnra ẹ̀

Ẹ lọ gbé e nílé. Ẹ má ní kó bá yín níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá bá ìyá ẹ̀ nílé, ẹ kúnlẹ̀ tàbí kẹ́ ẹ dọ̀bálẹ̀ kí Màmá bẹ́ ẹ ṣe máa ń ṣe, kẹ́ ẹ sọ ibi tẹ́ ẹ ń lọ ní gbangba, pàápàá tó bá jẹ́ ilé ẹlẹ́sìn míì.

Kẹ́ ẹ tó débẹ̀, ẹ ti gbọ́dọ̀ bá àfáà sọ̀rọ̀ láti àná pé àlejò ń bọ̀, kí wọ́n jọ̀ọ́ má ṣe dá a mẹ́nu bà. Tó bá ti pẹ́ tó kírun kẹ́yìn, ẹ jọ ṣe àlùwàlá pọ̀, ẹ rọra ṣe tiyín kó lè máa fi ojú kọ́ ọ, ẹ má kọ́ ọ níṣojú èèyàn. Tí kì í bá ṣe Mùsùlùmí, ẹ sọ fún un pé ó lè jókòó sẹ́yìn kó máa wò. Ẹ jókòó sítòsí ẹnu ọ̀nà. Tó bá jẹ́ pé obìnrin ni ọ̀rẹ́ yín tí ẹ̀yin sì jẹ́ ọkùnrin, ẹ ti wá ẹ̀gbọ́n obìnrin kan sílẹ̀ tó máa jókòó tì í lápá ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin, kó má lọ dá wà níbẹ̀ bí ẹni tó ṣìnà.

Tẹ́ ẹ bá jáde:

- Ẹ má fi í han èèyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹni kan tàbí méjì tó.
- Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi nọ́ńbà ẹ̀ sí gúrúùpù WhatsApp láìbèèrè. Mo ti rí i kí èèyàn gbádùn àsàlátù tán, kó sì wá tìtorí gúrúùpù yìí sá, nítorí kó tó di alẹ́ ọjọ́ yẹn àwọn tí ò mọ̀ rí ti ń béèrè owó oṣooṣù lọ́wọ́ ẹ̀.
- Ẹ má bi í pé "ṣé o gbádùn ẹ̀?" Bẹ́ẹ̀ ni ló máa sọ nítorí ojú yín. Ẹ kúkú bi í pé kí ló yà á lẹ́nu níbẹ̀, kẹ́ ẹ wá dákẹ́.
- Ẹ lọ jẹun bẹ́ ẹ ṣe ṣèlérí.

Tó bá fúnra ẹ̀ padà mẹ́nu ba nǹkan kan tó gbọ́ níbẹ̀ lọ́jọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta, ọjọ́ náà dáa. Tí kò bá sọ nǹkan kan, kò túmọ̀ sí pé kò dáa, ẹ ṣáà má lépa ẹ̀.

Ìpele 6: Lẹ́yìn tó ti wá

Ẹ fi àyè sílẹ̀. Ìpè kejì lè jẹ́ lẹ́yìn oṣù kan. Láàárín méjì yẹn ẹ padà sí ìpele 2, nítorí ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà, ìpè kàn jẹ́ ilẹ̀kùn ni.

Tó bá fẹ́ kàwé, ẹ wá Al-Kùránì tí wọ́n tú sí Yorùbá fún un, tàbí Bíbélì Yorùbá tó bá jẹ́ tiyín, kó máa kà á láyè ara ẹ̀. Ẹ má fi àmì sí ojú ewé tẹ́ ẹ fẹ́ kó kà.

Tí ọ̀rẹ́ yín bá ti inú ẹ̀sìn míì wá, ọ̀rọ̀ náà wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn òbí wà, ìyàwó tàbí ọkọ wà, ogún wà, orúkọ wà. Ẹ má sáré fà á. Súrátùl Bákárà, áyà 256, ní kò sí ìfipá múni nínú ẹ̀sìn, àti ìfipá ọ̀rẹ́ náà wà níbẹ̀ lójú tèmi, irú kẹ́ ẹ máa ṣe ojú fún un títí tí ò fi lè sọ pé rárá. Tó bá jẹ́ ọmọdé tó ṣì wà lábẹ́ òbí, ẹ má gbé e lọ síbikíbi láìjẹ́ pé àwọn òbí ẹ̀ mọ̀.

Ó sì lè ṣẹlẹ̀ pé kó wá tiyín, kó má wù ú, kó wá rí ibòmíì tó wù ú. Ìlọrin kún fún ẹgbẹ́ àti mọ́ṣáláṣí, àwọn Ansarul Islam wà, Zumratul Mu'mineen wà, NASFAT wà, olúkúlùkù pẹ̀lú bí wọ́n ṣe ń ṣe tiwọn. Ẹ bi í pé kí ló fẹ́ràn níbẹ̀. Ẹ tẹ̀ lé e lọ lọ́jọ́ kan tó bá pè yín, ẹ̀yin náà ẹ wọ jálàbíà yín kẹ́ ẹ jókòó sítòsí ẹnu ọ̀nà.

Tó bá kọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ dáwọ́ ìpè dúró. Tó bá là á mọ́lẹ̀ pé kẹ́ ẹ má pe òun mọ́, ẹ ní "ó dáa", kẹ́ ẹ má sì pè é mọ́ lóòótọ́, kẹ́ ẹ má gba ẹ̀yìn rán ẹlòmíì sí i. Ìṣínu ilé yín nìkan lẹ ṣì lè pè é sí nígbà ààwẹ̀, tẹ́ ẹ bá ti sọ fún un tẹ́lẹ̀ pé oúnjẹ nìkan ló wà níbẹ̀, kẹ́ ẹ sì rí i dájú pé oúnjẹ nìkan ló wà níbẹ̀.